Shiki: Ta Ni Àwọn Òkú Tó Ń Rìn ní Abúlé Sotoba?

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó ti bi mí léèrè nípa eré yìí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì gbé wá: "Àwọn nǹkan wọ̀nyí, ṣé sọ́ńbì ni wọ́n ni, àbí fáńpáyà amùjẹ̀, àbí òkú lásán tó ń rìn kiri?" Èyí tó bi mí kẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, apá mẹ́ta péré ló wò tó fi pa á tì. Ó ní òun ò rí ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀, òkú ni wọ́n ṣáà ń sin lójoojúmọ́. N kò bá a jà. Bí èèyàn ò bá mọ ohun tó yẹ kí ojú òun máa wá, ìbẹ̀rẹ̀ Shiki lè dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìkéde òkú lórí rédíò láàárọ̀.

Òkú tí wọ́n ń sin yẹn gan-an sì ni gbogbo ìtàn náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, n kò sì lè ṣe é láìsọ ẹni tó kú, ẹni tó dìde àti bí ọ̀rọ̀ ṣe parí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó láìmọ nǹkan kan, kó yáa dúró níbí.

Shiki jẹ́ ánímè, ìyẹn káàtúùnù ilẹ̀ Japan, tó ní apá 22. Ilé-iṣẹ́ Daume ló ṣe é, Tetsuro Amino ló darí rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Fuji sì gbé e sáfẹ́fẹ́ láti oṣù Keje títí dé oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fuyumi Ono, òǹkọ̀wé obìnrin, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1998 gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn àròsọ tó nípọn gan-an. Lẹ́yìn náà ni Ryu Fujisaki sọ ọ́ di mángà, ìwé ìtàn alàwòrán, láti òpin ọdún 2007 títí di 2011, tó fi di ìdì 11. Ono ò fi ibi tó ti fọnná pamọ́: ó ya ìwé rẹ̀ sí 'Salem's Lot, èyí tí Stephen King kọ ní 1975 nípa ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn amùjẹ̀ gbà mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti irun àwọn èèyàn inú eré náà, tó rí bí òpó, bí ìwo, bí òdòdó, ọwọ́ Fujisaki ni ẹ ti máa bi í. Mo mọ àwọn tí irun yẹn nìkan lé sá. Ẹ fara dà á, ojú á mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni Japan so pọ̀ níbẹ̀: "shi", òkú, àti "ki", èyí tí wọ́n tún máa ń pè ní "oni", ẹ̀dá burúkú kan tó sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ànjọ̀nú. Òkú tó di ànjọ̀nú, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ létí láìrí i nínú ìwé, ó tún lè rò pé ìgbà mẹ́rin tó wà nínú ọdún lẹ sọ, torí bákan náà ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ni kò sì kíyè sí i pé kì í ṣe àwọn ará abúlé ló ń pe àwọn òkú náà ní shiki. Inú ìwé tí àlùfáà abúlé náà ń kọ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn òkú kà á, ó wù ú, ó sì fi sọ ara rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbààgbà abúlé ń sọ ní tiwọn ni "okiagari", ìyẹn àwọn tó dìde. Ìtàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni, pé òkú kan lè jáde látinú sàréè kó wá máa da abúlé láàmú. Nítorí náà orúkọ méjì ló wà: ọ̀kan tí àwọn alààyè fi ń pe ẹ̀rù wọn, àti ọ̀kan tí àwọn òkú yàn fún ara wọn. Bí ẹnì kan bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú eré náà, orúkọ tó lò ti sọ ibi tó dúró sí fún yín.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni àkúdàáyà. Ó fara jọ ọ́, àmọ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àkúdàáyà inú ìtàn wa máa ń sá fún ilé ni. Ó kú ní ìlú rẹ̀, ó lọ sí ọ̀nà jíjìn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó níyàwó, ó bímọ, ó ń ta ọjà rẹ̀. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan bá ṣèèṣì rí i ni yóò pòórá. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù tirẹ̀ ni pé wọ́n lè dá a mọ̀. Shiki yí i po: ilé rẹ̀ gan-an ló ń padà sí. Ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, fèrèsé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń wá ẹ̀jẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì lè ṣílẹ̀kùn fún un. Nípa ti sọ́ńbì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Sọ́ńbì ò nírònú, shiki ní i. Ó rántí orúkọ rẹ̀, ó rántí ẹni tó fẹ́ràn, ó ń sunkún, ó ń jowú. Fáńpáyà ló sún mọ́ jù, àmọ́ fáńpáyà tó ń gbé láàárín àwọn tó bí i.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní Sotoba, abúlé àròsọ kan tí kò ju nǹkan bí 1,300 èèyàn lọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tó gbóná janjan láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999. Orí òkè ló wà, igbó igi momi sì yí i ká. Igi yìí ni wọ́n fi ń jẹun láyé àtijọ́, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ sotoba, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń kọ ọ̀rọ̀ àdúrà sí lára, tí wọ́n á fi gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Abúlé tó ń ṣe ohun èlò sàréè ló tún ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Inú igbó momi yẹn kan náà sì ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ ìsìnkú tirẹ̀ sí. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní ikú ló yí abúlé náà ká, ẹ má rò pé ewì ni wọ́n ń ké. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí gan-an ni wọ́n ń júwe.

Ibí gan-an ni kọ́kọ́rọ́ wà, ibẹ̀ sì ni àwa tí kì í ṣe ará Japan ti máa ń kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Sísin òkú sínú ilẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bàbá bàbá ẹlòmíràn wà nínú ọgbà lẹ́yìnkùlé, ọmọ ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Tí ẹ bá rí pósí tí wọ́n gbé sínú kòtò nínú Shiki, ẹ ò ní kọ haà. Ẹni tó ń wò ó ní Tokyo á kọ haà. Ní Japan òde òní, wọ́n ń sun òkú ni, ó ju 99 nínú 100 lọ. Eérú àti egungun díẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò. Òkú tí wọ́n ti sun ò lè dìde. Sotoba nìkan ló ṣì ń gbé òkú sínú ilẹ̀ bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn shiki fi yan ibẹ̀ láàárín gbogbo abúlé tó wà ní Japan. Wọn ò ṣàdéédéé já síbẹ̀. Sunako, ọmọbìnrin olórí wọn yẹn, ti ka ohun tí àlùfáà náà kọ nípa abúlé rẹ̀, ó sì mọ irú ilẹ̀ tó jẹ́. Abúlé tó ń sin òkú lódindi, tó jìnnà sí ìlú, tó kún fún arúgbó, ẹ ò rí i pé ilé ńlá ni wọ́n fún un láìsanwó.

Ó wá kó dé lóru. Ilé gogoro kan tó rí bí ti àwọn òyìnbó ti dúró lórí òkè níbi tí wọ́n ń pè ní Kanemasa, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa gbé ibẹ̀. Ní òru kan ọkọ̀ akẹ́rù wọlé, ìdílé Kirishiki sì bọ́ sílẹ̀: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Seishiro, ìyàwó rẹ̀ arẹwà Chizuru, ọmọ wọn Sunako, àti ọ̀dọ́mọkùnrin ìránṣẹ́ kan, Tatsumi. Lójú àwọn ará abúlé, bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọọ̀dọ̀ ni wọ́n. Ní tòótọ́, ọmọ yẹn ló dàgbà jù nínú Chizuru àti òun, òun ló sì ń pàṣẹ. Bàbá yẹn kì í ṣe òkú rárá, èèyàn ẹlẹ́ran ara bí èmi àti ẹ̀yin ni, tó kàn yàn láti sìn wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó fi ara rẹ̀ tan àwọn ará abúlé jẹ. Nígbà tí ìyá arúgbó kan, Ikumi, ń pariwo pé okiagari ló wà lókè yẹn, Seishiro rọra jáde sójú oòrùn tó mú ganrínganrín, ó dúró níwájú gbogbo wọn. Ojú ti ìyá náà, wọ́n kà á sí wèrè, kò sì sẹ́ni tó tún dá a lóhùn. Òtítọ́ ló sì sọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọ inú òfin wọn, torí ẹni tí kò bá mọ òfin yìí ò ní mọ ìdí tí ohunkóhun fi ń ṣẹlẹ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọbẹ̀. Shiki ò lè wọ ilé tí wọn ò pè é wọ̀. Ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ sọ pé kó wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tó bá wù ú ló ń wọlé. Nítorí náà àwọn Kirishiki kì í fọ́lẹ̀kùn. Wọ́n á kí yín, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí yín, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi sọ pé "ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ní abúlé, ta ló máa fi àlejò sílẹ̀ lóde? Ìwà ọmọlúàbí ni ihò tí aláǹgbá ń gbà wọlé. Mo ka ohun tó wà níbí sí ọgbọ́n tó ga jù nínú iṣẹ́ Ono: ó gba òfin àtijọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìtàn fáńpáyà, ó gbé e sí ibi tí kíkọ àlejò ti jẹ́ ìtìjú.

Tó bá ti géni jẹ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló gbà. Ó gba iyè ẹni náà pẹ̀lú. Ohun tó bá sọ fún un lóru, yóò ṣe é lójú mọmọ láìmọ ẹni tó rán an: yóò ṣí fèrèsé sílẹ̀, yóò sọ fún dókítà pé kò sí ohun tó ń ṣe òun, yóò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò rẹ̀, ojú rẹ̀ á funfun, yóò sùn lọ títí. Tí wọ́n bá padà wá mu nínú rẹ̀ fún òru mélòó kan, àìtó ẹ̀jẹ̀ á mú àwọn ẹ̀yà inú ara rẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́, ó di òkú. Wọ́n sin ín. Àwọn shiki á lọ hú u lóru, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bóyá yóò jí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n pa ló ń jí. Ó dà bí ohun tó ń bá ìdílé rìn: nínú àwọn ẹbí kan ọ̀pọ̀ ló ń dìde, nínú òmíràn kò sí ẹnì kankan, wọ́n á kàn jẹrà bí gbogbo òkú. Òfin kékeré tó dà bíi pé kò jẹ́ nǹkan yìí ló fa ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo eré náà. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Nao. Àwọn òbí rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti kékeré, ìgbà tó fẹ́ ọkọ sínú ìdílé Yasumori ló tó mọ ohun tí à ń pè ní ilé. Ó kú, ó jí. Ó wá lọ mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó fẹ́ kí wọ́n wá bá òun kí gbogbo wọn lè tún wà pọ̀. Ó jókòó tì wọ́n, ó ń retí. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó jí. Lójú ti ẹni tí ò mọ òfin, apànìyàn ni. Lójú ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ máa pè é.

Oòrùn ń jó wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, oorun á kó wọn lọ, wọ́n fẹ́ wọ́n kọ̀, bí ìgbà tí èèyàn pa iná fìtílà. Ọkàn wọn kì í lù, wọn kì í mí, àmọ́ bí ẹ bá ṣá wọn lọ́bẹ, ojú ọgbẹ́ á dé. Ohun mímọ́ àti ojúbọ ń kó jìnnìjìnnì bá wọn. Èèkàn tí wọ́n gbá wọ ọkàn, tàbí orí tí wọ́n fọ́, ló ń pa wọ́n ní àpatán. Wọ́n ń jẹ̀rora bí wọ́n bá ń kú. Eré náà ò fi èyí pa mọ́ fún yín rárá.

Ẹ̀yà kejì wà, òun ló sì ń rú ọ̀pọ̀ lójú jù lọ. Wọ́n ń pè é ní "jinrou", èèyàn-ìkookò. Ẹ má retí irun tàbí èékánná o, kì í yí padà di ẹranko. Jinrou ni ẹni tí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí tó fi di ti ẹgbẹ́ wọn láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kú. Ó ń mí, ó ń rìn lábẹ́ oòrùn, ó lè jẹ ìrẹsì bí tiwa, agbára rẹ̀ sì ju ti shiki lọ. Wọn ò pọ̀. Tatsumi ọmọọ̀dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lọ́sàn-án tí kò sí nǹkan tó ṣe é. Tó bá rú yín lójú pé ẹnì kan jó nínú oòrùn, ẹnì kejì sì ń fẹsẹ̀ ṣeré lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó ya àwòrán. Shiki ni ẹni àkọ́kọ́, jinrou ni ẹni kejì.

Ìbéèrè tí wọ́n tún máa ń bi mí ni pé kí ló dé tí abúlé náà ò fura kíákíá. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí mo ti sọ, ẹ kàn máa tò ó pọ̀. Arúgbó mẹ́ta ní Yamairi, ibùdó kékeré kan lókè pátápátá, ni wọ́n kọ́kọ́ bá lókùú, nínú ooru tó ń pa àwọn arúgbó tẹ́lẹ̀. Ta ló máa sọ pé ìyẹn yàtọ̀? Lẹ́yìn wọn ni Megumi, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 15 tó kórìíra abúlé náà, tó fẹ́ràn aṣọ ìlú ńlá. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ni dókítà kọ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta abúlé ti kọ̀wé fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, nítorí náà kò sí ọ̀gá kankan níta tó máa bèèrè pé lágbájá dà. Àwọn ẹbí kan kó ẹrù lóru láìdágbére fún aládùúgbò. Ẹni tó kú ò kú lójú ìwé, ẹni tó lọ ò sọ ibi tó lọ. Ó di bíi pé ẹnì kan mú rọ́bà ìpàwérẹ́, ó ń pa abúlé kan rẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Toshio Ozaki, ẹni ọdún 32, tó jogún ilé ìwòsàn bàbá rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn ló kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ń ka ìwé, kò sùn. Ó pa á mọ́ fún àwọn èèyàn nítorí kò fẹ́ kí ìlú dàrú, àti, lójú tèmi, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni àlùfáà Seishin Muroi, ọjọ́ orí kan náà, tó ń kọ ìwé ìtàn lóru, tó sì ní àpá kan lọ́rùn ọwọ́ látìgbà tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ ní yunifásítì. Àwọn méjèèjì ló jọ ń tò ó pọ̀ títí wọ́n fi gbà pé òkú ló ń pa àwọn alààyè.

Níbẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín. Kyoko, ìyàwó dókítà, kú. Toshio ò jẹ́ kí wọ́n sin ín. Ó gbé e sínú yàrá tútù, ó ń ṣọ́ ọ, ó ń kọ ohun tó ń rí sílẹ̀, títí ojú obìnrin náà fi là. Ó wá dè é mọ́lẹ̀, ó ń fi í wá ohun tó lè pa shiki: ó gún un lábẹ́rẹ́, ó gé e, ó dán gbogbo nǹkan wò sí i lára, ó ń gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀, títí tó fi mú èèkàn. Ibẹ̀ ni Seishin wọlé bá a. Bí ẹ bá lè wo apá yẹn láìyí ojú kúrò, ẹ lágbára jù mí lọ. Dókítà rí ìdáhùn tó ń wá. Àlùfáà rí ohun tí ìdáhùn náà ná an, ó sì yí padà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sọ́nà Kanemasa, sọ́dọ̀ Sunako, tó jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tó ka ìwé rẹ̀ tó sì yé e.

Àwọn ọmọdé ti ṣáájú wọn mọ̀. Natsuno, ọmọ ìlú ńlá tí àwọn òbí rẹ̀ fà wá sí abúlé láìbi í léèrè, ń rí ojú kan nínú igbó tó ń wo fèrèsé rẹ̀. Megumi ni, tó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó kú. Òun àti àwọn Tanaka méjì, Kaori àti Akira àbúrò rẹ̀, gbé ṣọ́bìrì, wọ́n lọ gbẹ́ sàréè Megumi. Pósí ṣófo. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọdé máa sọ fún? Bàbá Natsuno tó pera rẹ̀ ní ọ̀làjú kò fẹ́ gbọ́ ohun tó jọ ìgbàgbọ́ asán nínú ilé òun. Ẹni tí wọ́n wá rán sí Natsuno ni Tohru, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó ti kú tó ti jí. Tatsumi ti sọ fún Tohru pé bí kò bá lọ, ìdílé rẹ̀ ló kàn. Ó lọ tẹkúntẹkún.

Ibi tí mángà àti ánímè ti yà kúrò lára ìwé Ono nìyí, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ka méjèèjì. Nínú ìwé, Natsuno kú, ó tán. Nínú ánímè, ó padà wá gẹ́gẹ́ bíi jinrou, ó kórìíra ohun tó dà, ó sì dara pọ̀ mọ́ dókítà láti pa àwọn tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé ìwé ló tọ̀nà. Ikú ọmọ yẹn láìpadà wúwo ju gbogbo bọ́ǹbù tó wá jù lẹ́yìn náà lọ. Àmọ́ mo mọ̀ pé àwọn tó wo ánímè nìkan ò ní gbà fún mi.

Nǹkan yí padà ní alẹ́ ọdún ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ojúbọ abúlé. Toshio ti jẹ́ kí Chizuru mu ẹ̀jẹ̀ òun, Chizuru sì rò pé òun ti gba iyè rẹ̀, kò mọ̀ pé Natsuno ti ṣáájú òun. Ó fà á lọ́wọ́ wọ àárín èrò. Ìlù ń lù, ojúbọ wà níwájú, jìnnìjìnnì bo obìnrin náà. Toshio ní kí àwọn èèyàn fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wò ó bóyá ọkàn rẹ̀ ń lù. Kò lù. Lójú gbogbo wọn ni wọ́n ti gbá èèkàn wọ̀ ọ́ láyà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbà á gbọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni abúlé náà fi gbà.

Ohun tó wá tẹ̀ lé e ni àwọn kan fi ń sọ pé eré náà burú jù. Àwọn tó ń ta ọtí, tó ń dáko, tó ń kí ara wọn láàárọ̀, gbé èèkàn àti òòlù, wọ́n ń fa òkú jáde lábẹ́ ilé àti nínú ihò omi sójú oòrùn. Ookawa, ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ọtí, pa Atsushi ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó ti di shiki. Megumi ń sá lọ sí ìlú ńlá tó ti ń lá látọjọ́ tó ti wà láyé; ẹnu ibodè abúlé ni wọ́n ti fi katakata gùn ún mọ́lẹ̀, wọ́n padà, wọ́n tún gùn ún. Àwọn alààyè tí wọ́n kàn fura sí pàápàá bá a lọ. Ritsuko, nọ́ọ̀sì Toshio, wà láàárín àwọn òkú náà: látìgbà tó ti jí, kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ebi ń pa á, ó ní òun ò ní pa èèyàn. Òun àti Tohru jọ jókòó ni nígbà tí wọ́n bá wọn. Èèkàn ò bi í léèrè ohun tó jẹ tàbí ohun tí kò jẹ.

Iná ló parí rẹ̀. Ó ràn mọ́ igbó momi, ó jó abúlé tí Toshio fi gbogbo agbára rẹ̀ gbà sílẹ̀. Seishin, tó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún Sunako tó sì ti di jinrou, pa Ookawa kó lè gbà á, ó gbé ọmọbìnrin náà sínú àpótí, ó wakọ̀ jáde.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ má gbìyànjú láti há gbogbo orúkọ sórí, wọ́n pọ̀ ju ti ìwé ìpè àwọn ọmọ kíláàsì lọ. Toshio, Seishin, Natsuno, Megumi, Sunako, àwọn márùn-ún yìí tó láti fi wọlé. Àwọn yòókù á máa bọ́ sí ipò wọn. Ẹ kọ òfin ìpeni-wọlé sórí ìwé bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì máa ka iye ilẹ̀kùn tó ṣí. Yàtọ̀ sí apá 22 tí tẹlifíṣọ̀n gbé, méjì tún wà tí wọn ò gbé sáfẹ́fẹ́, tó jẹ́ pé inú díìsìkì tí wọ́n tà ni wọ́n fi sí: 20.5 àti 21.5. Ẹ wò wọ́n níbi tí nọ́ńbà wọn gbé wọn sí, kì í ṣe lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. 21.5 ni wọ́n fi sọ bí wọ́n ṣe rí Nao. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó má fo ìyẹn.